Ẹ Ní Kí Wọ́n Kọ Ìlú Tí Kò Tíì Sí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama gbogbo, ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà owó oṣù tí kì í tètè dé, ẹ kú ìfaradà àwọn òbí tó ń sọ pé Yorùbá yín ló ń ba òyìnbó ọmọ àwọn jẹ́.

Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ. N kò sí nínú ẹgbẹ́ yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mí. Ẹni tó kọ́kọ́ fi bírò pupa kọ “túbọ̀ ṣàlàyé” sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ mi, ọ̀kan nínú yín ni. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá kò gùn: ẹ fi orí ọ̀rọ̀ kan kún àwọn tí ẹ̀ ń fún àwọn ọmọ wa. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìtàn ìlú kan tí kò tíì sí, ìlú tí ayé ti gún, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí ó ṣe ń gún lójoojúmọ́.

Ẹ wo àwọn orí ọ̀rọ̀ tó ti di àjogúnbá láàrin wa. “Ìjàm̀bá ọkọ̀ kan tó ṣojú mi.” “Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.” “Ọjà ìlú mi.” “Iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ dókítà lọ.” Àwọn òbí àwọn ọmọ yìí kọ ọ́, àwọn náà ń kọ ọ́. N kò ní wọn ò dára. Ìjàm̀bá ọkọ̀ yẹn gan-an ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa bí a ṣe ń to ìròyìn: ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ohun tí dẹ́rẹ́bà ń ṣe, ariwo tó sọ, ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ la dúró sí.

Nígbà ìsinmi, mo máa ń bá àwọn ọmọ kan ládùúgbò wa jókòó ti àròkọ. Ọmọkùnrin kan nínú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àgbà, kọ ìjàm̀bá ọkọ̀ kan tó jẹ́ pé bí mo ṣe ń kà á ni ara mi ń bù máṣọ. Ó rí bọ́ọ̀sì náà. Ó rí okùn tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó rí ata rodo tó dà sójú títì, tí àwọn kan sì ń ṣà á sínú láílọ́ọ̀nù nígbà tí ẹni tó fara pa ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ náà mọ nǹkan wò. Mo wá ní kó kọ òmíràn fún mi: ọ̀nà yẹn kan náà, ní ọdún tí irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó mú bírò. Ó kọ ọ́ pé: “Ìjọba tún ọ̀nà náà ṣe, inú gbogbo ènìyàn sì dùn.” Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ti parí nìyẹn. Ojú ìwé mẹ́ta fún ìjàm̀bá, ìlà kan fún àlàáfíà.

Mo bi í pé ìjọba wo? Ta ló lọ bá wọn? Nígbà tí kòtò àkọ́kọ́ tún yọ lẹ́yìn òjò, ta ló rí i, ta ló pè, owó ta ni wọ́n fi dí i? Tírélà tó gbé epo, níbo ló ń sùn bí kò bá sùn sẹ́bàá títì? Dẹ́rẹ́bà tó ti wà nídìí ọkọ̀ láti ìdájí, ta ni yóò fún un lówó oúnjẹ bó bá ní òun fẹ́ sinmi? Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó tún bírò mú.

Ohun tó gbé wá lọ́jọ́ kejì ya èmi náà lẹ́nu. Ó kọ́ ilé ìsùn sẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn awakọ̀, ó ní olówó ọkọ̀ ni yóò máa san án. Ó wá ní àwọn ìyá olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni kó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, torí pé àwọn ni kì í kúrò níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àwọn ló sì mọ dẹ́rẹ́bà tó ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láìsinmi. N kò tíì gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kọmíṣánnà kankan. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í kò tiẹ̀ jẹ́ kó gbádùn ìyìn náà tán. Ó ní: “Ta ni yóò wá máa bá wọn bu oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń kọ nọ́ńbà? Ṣé wọ́n máa sanwó fún wọn ni àbí ọ̀fẹ́ ni?” Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé àròkọ làwọn ń kọ.

Ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà nìyẹn. Ìlú inú ìtàn lè lẹ́wà tàbí kó má lẹ́wà, èyí kò kàn mí. Agbára rẹ̀ wà níbi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ dáadáa kò ní ríbi sá sí. Dandan ni kó sọ ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí, ẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn, ibi tí owó ti ń wá, àti ẹni tí kò ráyè wọlé. Ẹni tó ń ráhùn lè fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ kí ìráhùn rẹ̀ sì dùn létí.

Ìráhùn, a mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ tan rédíò láàárọ̀, akéwì ń sọ pé ìlú ò fara rọ. Ẹ wọ mọ́tò, ohun kan náà lẹ máa gbọ́. Bí ayé bá sì dára lẹ́nu wa, ayé àná ni: ayé Olúgbọ́n, ayé Arẹ̀sà, ayé Àtìbà. Aṣọ la sì fi ń wọn bó ti dùn tó, sányán àti àrán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí ẹni tó hun sányán ọ̀hún ṣe jẹun lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í mẹ́nu kan iye ẹrú tó wà lóko ẹni tó ró o.

Fágúnwà pàápàá, baba gbogbo àwa tí à ń kọ ìtàn àròsọ, kó àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938, torí kí wọ́n lè mú ohun tí yóò sọ ìlú di rere wá sílé. Ẹ ò rí bí ọ̀nà yẹn ṣe gba ojú ìwé! Iwin, ẹbọra, Ìrágbèje nínú ilé olójúlé méje. Ṣùgbọ́n bí ìlú ṣe wá rí nígbà tí wọ́n délé, kò fi bẹ́ẹ̀ gba ojú ìwé. Mo fẹ́ràn ìwé náà dénú egungun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pè mí ní aláfojúdi. Mo kàn ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọdẹ ti wọ̀lú padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ṣe irú rẹ̀ fún yín. Rokeya Sakhawat Hossain lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bẹ̀ǹgálì ni, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹlẹ́hàá ni wọ́n ti tọ́ ọ. Láti kékeré ló ti di dandan fún un láti máa sá pamọ́ fún àlejò, àti obìnrin àjèjì pàápàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lóru nígbà tí àwọn ará ilé bá ti sùn. Nígbà tó di ìyàwó ilé, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, rìnrìn-àjò iṣẹ́ lọ sí àgbègbè, ó ku òun nìkan. Ó wá kọ ìtàn kékeré kan kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní Madras tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1905.

Nínú ìtàn náà, obìnrin kan sùn lọ lórí àga, ó sì bá ara rẹ̀ nígboro ìlú kan tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló ń rìn fàlàlà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ló wà lẹ́hàá. Ó béèrè pé báwo lẹ ṣe ń dáná? Wọ́n mú un wọ ilé ìdáná: kò sí èédú, kò sí èéfín, ooru oòrùn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Omi ńkọ́? Wọ́n ti ta bàlúù kan sójú ọ̀run, wọ́n fi páìpù so ó mọ́lẹ̀, òun ló ń fa omi látinú ìkùukùu kó tó di òjò. Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń rí àyè ṣe é mọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́? Wọ́n ní wákàtí méjì lóòjọ́ ti tó. Àwọn ọkùnrin tó ń fi wákàtí méje jókòó ní ọ́fíìsì, sìgá ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mu!

Ẹ kíyè sí i pé ilé ìdáná wà lára ohun tó kọ́kọ́ lọ wò. Ọkùnrin tó ń kọ ìlú àlá á kọ́kọ́ lọ wo ààfin àti ilé ọmọ ogun. Ẹni tí èéfín ń bọ̀ lójú ló mọ̀ pé ìlú kì í tíì gún níbi tí èéfín bá ṣì wà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, orí ìdúró ló ti ka ìtàn náà tán, ó sì ní, “Ẹ̀san burúkú!”

Ọkọ yẹn kú lọ́dún 1909. Lọ́dún náà ni Rokeya fi owó tó fi sílẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Bhagalpur, pẹ̀lú ọmọ márùn-ún. Ìjà ẹbí lé e kúrò níbẹ̀. Ó kó lọ sí Calcutta, ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1911 pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ. Ibi tí ìtàn ti bá ayé pàdé nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Nínú ìlú tó kọ, ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn obìnrin fi ń lọ síbi tó wù wọ́n. Ní Calcutta, ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ kó àwọn ọmọ nílé, dídì ni wọ́n dì í pa kí ojú ọkùnrin má baà tó ọmọ kankan. Afẹ́fẹ́ kò wọlé. Àwọn ọmọ ń bì, àwọn mìíràn ń dákú. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi aṣọ ta ojú fèrèsé. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé, àwọn kan ń pe ara wọn ní arákùnrin nínú ẹ̀sìn: wọ́n ní atẹ́gùn ń ṣí aṣọ náà, wọ́n ń rí àwọn ọmọ, bí wọn kò bá tún un ṣe, àwọn yóò gbé e sínú ìwé ìròyìn. Kí wá ni ṣíṣe? Bí wọ́n dì í, ọmọ á dákú. Bí wọ́n ṣí i, ọmọ kò ní í wá mọ́. Rokeya kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà títí di òní, ìjọba ti gbà á sọ́wọ́.

N kò ní ìtàn 1905 ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ 1911. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì, àti pé ẹni tó bá ti jókòó ronú lórí bí obìnrin yóò ṣe máa rìn nígboro láìsí ìdíwọ́, kò jọ pé aṣọ fèrèsé lè tètè mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ìlú rẹ̀ sì ní àbùkù. Ẹ̀há tí wọ́n fi pọ́n ọn lójú ló gbé wọ àwọn ọkùnrin. Bí ọmọ kíláàsì yín kan bá rí àbùkù yẹn fúnra rẹ̀, tó sì béèrè pé kí ni àwọn ọkùnrin yẹn ṣe lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ ní kíkún.

Ìlú inú ìtàn kan a sì máa bí òmíràn nínú. Edward Bellamy, ará Amẹ́ríkà, kọ ìtàn ọkùnrin kan tó sùn ní Boston lọ́dún 1887 tó jí lọ́dún 2000, tó bá gbogbo iṣẹ́ ìlú lọ́wọ́ gbogbo ìlú, tí oníkálukú ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ ogun títí wọn fi pé ọmọ ọdún 45. Ìwé náà jáde lọ́dún 1888, àwọn òǹkàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ káàkiri. William Morris ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìgbé ayé bárékè kọ́ ni tòun. Ó kọ tirẹ̀ lọ́dún 1890, ìlú tí iṣẹ́ ti dùn débi pé wọn kì í fi owó fa ẹnikẹ́ni sí i. Ebenezer Howard, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa yára kọ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sílẹ̀, ka ti Bellamy náà. Òun ní tirẹ̀ mú kálámù ìṣirò: ilẹ̀ mélòó, owó ilẹ̀ mélòó, ta ni èrè yóò wọ àpò rẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbówó lórí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú ló ni èrè náà. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1898, lọ́dún 1903 wọ́n ti ń la ilẹ̀ Letchworth, ìlú tuntun tí wọ́n fi ètò rẹ̀ tẹ̀ dó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ títí dòní.

Kò yẹ kí n tiẹ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Martin Delany, ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn àti olóòtú ìwé ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn kan jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́dún 1859. Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ta ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sá, ó ń ti oko ẹrú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gbin ètò òmìnira sí àwọn ènìyàn lọ́kàn, títí ó fi dé Kúbà. Lọ́dún yẹn kan náà ni òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi, ó gba Èkó wọ Abẹ́òkúta, òun àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, wọ́n bá Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè kan tọwọ́ bọ̀wé: àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà yóò wá máa gbé láàrin àwọn Ẹ̀gbá lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, wọn yóò mú ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá, wọn yóò bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá, ẹjọ́ tó bá sì jẹ́ ti àárín ara wọn, àwọn ni yóò máa dá a.

Ẹ wo bí ìwé àdéhùn náà ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè tí mo bi ọmọ ọ̀nà márosẹ̀ yẹn. Ta ni yóò dá ẹjọ́? Kí lẹ mú wá? Níbo lẹ máa gbé? Ibi tó kẹ́yìn yìí ló sì ti há. “Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò”: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo àgbẹ̀ Ẹ̀gbá ló mọ̀ pé ilẹ̀ tó ń sinmi kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólówó. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan, Townsend ṣáájú, kò fẹ́ ètò náà rárá. Nígbà tó yá, àwọn ìjòyè ní àwọn kò yọ̀ǹda ilẹ̀ kankan. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1861, Delany bá tirẹ̀ lọ, ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Campbell ní tirẹ̀ padà wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1863. Àwọn tí wọ́n ń retí kò dé. Ìtàn tí Delany ń kọ náà, a kò rí orí tó kẹ́yìn rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, àròkọ ńlá nìyẹn lẹ jókòó lé! Ká ní wọ́n dé ńkọ́? Ká ní alágbẹ̀dẹ kan láti Philadelphia kọ́ ilé sí Aké lọ́dún 1862, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ aró ṣíṣe lọ́dọ̀ ìyá aláró ìtòsí? Kí ni wọ́n máa bá ara wọn jà lé lórí? Èdè wo ni wọ́n máa fi bú ara wọn? Nígbà tí ọmọ Ẹ̀gbá tó ní ìwọ̀fà bá bá ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú pàdé níbi ìpàdé àdúgbò, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa sọ? Ọmọ tó bá lè kọ ìpàdé yẹn, kò sí àṣírí òṣèlú Nàìjíríà tó máa ṣòro fún un láti lóye.

A tún ní àwọn tí kò kọ ọ́ sínú ìwé rárá. Lọ́dún 1947, àwọn Aládùúrà kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun, lórí ẹrẹ̀ àti omi. Ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbowó iṣẹ́, ìlú ló ń bọ́ oníkálukú, òun ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí òkùnkùn ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Ó pé ogún ọdún dáadáa kí ọ̀rọ̀ “tèmi ni, tìẹ ni” tó wọ̀lú. Àwọn kan ń sọ pé ìwọra ló bà á jẹ́, àwọn kan ní ọlá pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn olórí. Òkun kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ó ń jẹ ìlú náà lọ, ó ti gbé ilé, ó ti gbé ibojì, àwọn ènìyàn ń ṣí sẹ́yìn. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá máa kọ ìlú rere lónìí, àfi kí òkun wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Wọ́n á ní ìdánwò àṣekágbá kì í béèrè irú rẹ̀. Àròkọ asàpèjúwe ṣáà ni. “Ṣàpèjúwe ọjà ìlú rẹ bí yóò ti rí nígbà tí ọmọ rẹ bá tó ọ lọ́jọ́ orí.” Èwo ló jáde kúrò nínú sílábọ́ọ̀sì níbẹ̀? Ọmọ tó bá ti fi irú èyí pa ọwọ́ rẹ̀ dà, ọjà ìlú rẹ̀ gidi á túbọ̀ hàn sí i: á rí ibi tí omi ẹja ń ṣàn gbà, á rí ẹni tó ń gbowó orí ìtẹ́ àti ẹni tí kì í san.

Àwọn mìíràn á ní àlá lásán ni, ebi ń pa ọmọ, ẹ ń ní kó máa kọ ìlú oyin. Ẹ̀yin ló yẹ kó kẹ́yìn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ti kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ béèrè pé bí gbogbo ọmọ bá wọ ilé ẹ̀kọ́, ta ni yóò bá àwọn roko? Ìbéèrè gidi ni, kò sì ṣeé fi ẹ̀rín dá lóhùn. Ìjọba náà béèrè pé níbo ni olùkọ́ yóò ti wá, wọ́n sì ní láti tètè máa kọ́ àwọn olùkọ́ kí ọdún náà tó pé. Ó ṣeé ṣe kí ìyá yín tàbí bàbá yín wà lára wọn.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ. Dubai ni. Ilé gogoro, títì dídán, ìsun omi tó ń yí àwọ̀ padà, Dubai tó ní ẹ̀gúsí. Ẹ má bú wọn. Ẹ kàn bi wọ́n pé ta ló ń to búlọ́ọ̀kù ilé gogoro yẹn nínú oòrùn, níbo ló ti wá, yàrá mélòó ni wọ́n há òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́? Ìkejì tí wọ́n máa kọ ni pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ ṣe àmín. Kí ẹ wá béèrè pé lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣe é tán, ta ló ń gbá ọjà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?

Nípa máàkì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi máàkì tó ga jù fún ìlú tí kò ní wàhálà kankan. Ẹni tó kọ ọ́ kò wo ibẹ̀ dáadáa. Ẹ fi fún ẹni tí ìlú rẹ̀ ní ìjà kan tí wọn kò tíì rí parí, tó sì fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Bí àyè bá wà níbi àpérò yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì mẹ́ta dìde ka tiwọn, kí ẹ pe alága ìjọba ìbílẹ̀ síbẹ̀, kí ó jókòó, kí àwọn ọmọ sì bi í léèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Bí ìlú odidi bá pọ̀ jù fún wọn, ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ìtàn ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ibẹ̀ mọ́ tónítóní, tí omi wà, tí ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lè wọ̀ ọ́ kó ti ilẹ̀kùn láìbẹ̀rù. Kí wọ́n sọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Kí wọ́n sọ ìdí tí kò fi jẹ́ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé ló fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ yín kan tó ń kọ ìtàn,
Ìbàdàn.